Wọ́n Ní Bàbá Ta Korobá Nípàá

Òjò àárọ̀ ti dá ní Yemẹtú,
omi ṣì ń kán létí páànù,
nígbà tí Nchama jáde láti yàrá tó háyà lọ́dọ̀ mi
tòun ti mọ́ọ̀pù àti àkísà méjì.
Mo ní, níbo?
Ó ní, ilé àwọn Ọ̀ṣúnníran.
Ọmọ wọn tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ń fi Gẹ̀ẹ́sì ké sórí fóònù lẹ́nu géètì,
ó ní bàbá òun ti ta korobá nípàá.
"Omi á ti kún pálọ̀. Arúgbó ò lè bẹ̀rẹ̀ nù ún."

Mo dì í lọ́wọ́ mú.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì,
ẹnu mi wá wúwo.
Mo kàn nàka sókè.
Ó wòkè, ó ní, ṣé òjò tún ń bọ̀ ni?

Nígbà tó yé e, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn,
ó gbé mọ́ọ̀pù lé itan bí ọmọ tó ti sùn.
Ó ní nílùú òun létí òkun, ní Bata
(àwọn ọmọ àdúgbò máa ń bi í pé ẹsẹ̀ ta ló wọ̀ ọ́),
lédè Sípéènì tí wọ́n fi tọ́ òun,
ẹni tó bá kú, ẹsẹ̀ ló nà.
Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi já
lọ́jọ́ tí síísítà wọ́ọ̀dù l'Órìta-Mẹ́fà
rẹ́rìn-ín, tó ní òun kàn ń fà á lẹ́sẹ̀ ni.
"Tiwa, irun orí la máa ń mú tá a bá ń ṣẹ̀fẹ̀.
Ta ní í fa ẹsẹ̀ aláàyè?"

Mo rántí Tíṣà Akínfẹ́nwá, kíláàsì karùn-ún, Òkè-Àrẹ̀.
Òjò ń dà, ó ní ká kọ ọ́ pé ajá òun ológbò ló ń rọ̀.
Mo yọjú lójú fèrèsé.
N kò rí ajá. N kò rí ológbò.
Ewúrẹ́ kan ló fara ti ìgànná, ó ń gbọ̀n.
Mo kọ ewúrẹ́.
Ẹgba mẹ́fà.
Láti ọjọ́ náà, n kì í yọjú wòta mọ́ kí n tó kọ̀wé.
Èmi náà sì na ọmọ ẹlòmíràn.

Ó ní, Yorùbá yín ńkọ́,
ṣé ohun tó bá rí ló ń sọ?
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tiwa ò lọ́jú pọ̀.
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín.
"Oṣù méjì ni mo lò nílé,
ta ló kí mi kú ijọ́ mẹ́ta?
Ta ló mú agbòjò, tó ṣí géètì,
tó kọ̀yìn sí mi, tó ní òun ń bọ̀?
Mo se ìrẹsì dè yín, Bàbá. Ó tutù."

A jọ lọ sílé ọ̀fọ̀. Kò fi mọ́ọ̀pù sílẹ̀,
ojú ń tì mí díẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn abánikẹ́dùn ti fi ẹrẹ̀ kun pálọ̀,
kò sì sẹ́ni tó rántí ilẹ̀.
Ó nù ún láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga opó,
kò sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sọ Sípéènì.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, korobá kan wà lóòró,
omi kún un, kò mì.
Màmá ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yìn ẹ á dáa."
Nchama wò mí,
ó rọra fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Oṣù Kejìlá, ní gáréèjì Ìwó Ròódù,
ọkọ̀ Kàlàbá ti kún, dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè.
Ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀,
ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní,
"Bàbá, mo ń bọ̀."
Eruku bo ọkọ̀.

Mo délé, mo gbéná kalẹ̀.
Ìrẹsì tí mo sè pọ̀ ju ti ẹnìkan lọ.